Bí Páànù Ṣe Ń Gbó

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ ìyá kan wá tó ń ta aṣọ ní Festac. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ti gba ọmọ òun ọkùnrin lọ́kàn pátápátá. Ọmọ náà ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, bó bá sì ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ìdí pákó kan báyìí ni yóò jókòó sí, tí yóò máa kọ́ ilé rélùwéè kékeré sí orí rẹ̀: ibùdókọ̀, ilé ìkẹ́rùsí, àti ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Èyí kò bí ìyá náà nínú. Ohun tó dùn ún ni pé bí ọmọ náà bá ti fi òrùlé bo ilé kan tán, tí òrùlé náà ń dán bíi dígí, ńṣe ni yóò gbé ọ̀dà àti eérú, tí yóò sì máa bà á jẹ́ títí yóò fi dà bí òrùlé ilé tí a ti kọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Tíṣà," bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà kọ, "ta ni ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ohun tuntun di ògbólógbòó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a wí."

Ìyá wa, ẹ má bínú sí mi. N kò lè bá a wí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọmọ yín dáwọ́ lé yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, àwọn àgbàlagbà onírungbọ̀n funfun ló ń fi ìrọ̀lẹ́ wọn ṣe é. Ní ìlú Hamburg ní Jámánì, odidi ilé ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní 2001, Miniatur Wunderland ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ ojú irin kéékèèké àti ìlú kéékèèké ló sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Àwọn oníṣẹ́ yìí ní òṣùwọ̀n tí wọn kì í yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn 1 sí 76, èyí ni pé ohun tó bá gùn ní ínṣì 76 lójú ayé, ínṣì kan péré ni wọn yóò ṣe é. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì ń lo 1 sí 87.

Kí wá ló dé tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí òrùlé? Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Bí ẹ bá dúró níwájú ilé gidi, ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá fẹ́ rí òrùlé, àfi kí ẹ na ọrùn. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, tí a gbé ka orí pákó, òkè ni gbogbo ènìyàn ti ń wò ó. Òrùlé rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Bí òrùlé bá purọ́, kò sí ohun tí ògiri lè sọ tí a ó gbàgbọ́.

Àwa ará Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin sì ti ń mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Mile 2 àti Marina, ìrìn kìlómítà 13. Bí ọkọ̀ náà bá ti kọjá Igánmú tó ń lọ sí ìhà Marina, orí òpó ni ojú irin wà, èrò inú rẹ̀ yóò sì máa wo Èkó láti òkè bí ẹyẹ àṣá. Kí ni yóò rí? Páànù ni. Páànù aláwọ̀ eérú, páànù pupa rúsúrúsú, páànù tí a gbé òkúta àti táyà lé lórí kí atẹ́gùn má bàa ṣí i, àti páànù tuntun kan ṣoṣo tó ń tàn yanranyanran láàrin ogójì ògbólógbòó. Ẹni tó bá kọ́ Èkó kékeré tí gbogbo òrùlé rẹ̀ ń dán, ìlú mìíràn ló kọ́, kì í ṣe Èkó.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé páànù àti rélùwéè ti jọ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Robinson Palmer ni orúkọ rẹ̀. Ní 1821 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ tí yóò máa rìn lórí irin kan ṣoṣo. Ní 1829, òun kan náà tún gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní ìgbì-ìgbì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọgbọ́n tó wà nínú ìgbì náà, ẹ mú ewé ìwé kan, ẹ di etí rẹ̀ kan mú, yóò tẹ̀ kọrọdọ sílẹ̀. Ẹ wá ká a ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po bí abẹ̀bẹ̀, ìwé kan náà yóò dúró gbọnyin, yóò tilẹ̀ gbé pẹ́ńsù. Nígbà tó di 1837, Sorel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe ń ri irin sínú sínkì yíyọ́ kí ó má bàa tètè dípẹtà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe páànù ní sínkì títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni, sínkì kàn jẹ́ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, tí wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù tó rọrùn láti tò jọ tí a sì lè fi bo ilé láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni páànù. Koríko àti ewé tí àwọn baba wa fi ń bo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá gun ilé ìṣọ́ Bower n'Ìbàdàn lónìí, tó sì wo ìsàlẹ̀, yóò rí ohun tí páànù ṣe sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ó tó báyìí lórí ìtàn. Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi iṣẹ́, nítorí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò fẹ́ gbé e lọ sí kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́.

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Páànù tí a mọ̀ ní ọjà láti ìgbà pípẹ́, ínṣì 3, èyí tí í ṣe mílímítà 76, ló wà láàrin orí ìgbì kan àti èkejì. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń kọ́ ilé ní 1 sí 76, mílímítà kan géérégé ni ìgbì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sáré lọ bó páálí, nítorí pé ìgbì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì páálí tó bíi mílímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi bo ilé kékeré bẹ́ẹ̀, yóò dà bí ìgbà tí a to gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí ilé.

Ohun tí ẹ ń wá wà nínú yàrá àwọn obìnrin. Òòyà olójú wẹ́wẹ́ tí a fi ń yọ iná orí, eyín rẹ̀ kò jìnnà sí ara wọn ju bíi mílímítà kan lọ. Ẹ tẹ́ fọ́ìlì, bébà onífàdákà tí wọ́n fi ń wé ẹran sísun, sórí eyín òòyà náà, kí ẹ sì fi ìrésà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ìgbì yóò fi yọ. Ẹ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ṣe é. Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, yóò ya. Kí ẹ tó gé e, ẹ fi sítáàṣì lẹ bébà tín-ín-rín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìgbì náà má bàa tẹ́. Ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó tóbi díẹ̀, bíi 1 sí 50, òòyà lásán ti tó fún un, tàbí kí ó to igi ìgbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí pákó, kí ó sì tẹ́ fọ́ìlì lé wọn.

Ẹ má ṣe fi odidi fọ́ìlì kan bo ilé o. Káfíńtà wo ni ó ra páànù tó fẹ̀ tó òrùlé? Ẹyọ-ẹyọ ni a ń kan páànù. Èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 yóò jẹ́ mílímítà 32 ní òṣùwọ̀n 1 sí 76, ìbú rẹ̀ yóò sì jẹ́ bíi mílímítà 8 tàbí 9. Láti etí òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè lọ, kí ti òkè máa gun orí ti ìsàlẹ̀, kí páànù ṣóńṣó òrùlé sì jẹ́ àṣekẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ ṣe àmì ìṣó. Kí àwọn àmì náà wà lórí ìlà tó tọ́, nítorí pé igi kan wà lábẹ́ tí ìṣó ń wọ̀. Kí wọ́n sì wà ní orí ìgbì, kì í ṣe nínú kòtò. Inú kòtò ni omi ń gbà. Káfíńtà tó bá kan ìṣó sí kòtò ìgbì, ó ti ṣílẹ̀kùn fún òjò.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ìyá wa ń pè ní bíbà-jẹ́. Ọmọ tí kò bá lajú, ọ̀dà pupa ni yóò dà sórí gbogbo rẹ̀, yóò ní ó ti dípẹtà. Ìpẹtà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tó ti ń wọlé, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà.

Sínkì ló ń kọ́kọ́ kú. Dídán rẹ̀ yóò lọ, yóò di eérú, ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ yóò sì hàn lára rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí sínkì bá ṣì wà nítòsí, yóò máa jìyà dípò irin. Àní bí nǹkan bá ha páànù lára, irin tó hàn níbẹ̀ kì í tètè pọ́n. Ìgbà tí sínkì bá tán ni irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Níbo ló sì ti ń kọ́kọ́ tán? Ní ẹnu ihò ìṣó, ní etí ibi tí a gé, ní ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn tí omi ń há sí, àti ní ibi tí ewé jíjẹrà kó jọ sí. Láti ibẹ̀ ni pupa yóò ti máa ṣàn lọ sísàlẹ̀, nínú kòtò ìgbì, lọ́nà tó tọ́ ṣanṣan. Kò sí òjò tó ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá rí òrùlé kékeré tí ìpẹtà rẹ̀ tàn káàkiri bí àbàwọ́n ọbẹ̀ lára aṣọ, mo mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò wo òrùlé rí.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, iyọ̀ tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òkun kò jìnnà sí Festac, omi odò sì yí wa ká. Atẹ́gùn ń gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ a sì máa jẹ sínkì kíákíá. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kíyè sí i ni pé kì í ṣe òkè páànù nìkan ló ń jẹ. Òjò ń fọ iyọ̀ kúrò lókè. Kò lè fọ abẹ́ etí òrùlé. Nítorí náà, páànù míì wà tó ṣì dára lójú láti òkè, tó jẹ́ pé abẹ́ etí rẹ̀ ti ń bọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ọmọ tó bá mọṣẹ́ yóò kun abẹ́ etí òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni méjì péré nínú ogún ni yóò tẹ̀ ba láti wò ó.

Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ rẹ kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì fi aṣọ di imú bí ẹ bá ń lọ̀ ọ́: ìpẹtà gidi nìyẹn, kò sí ọ̀dà tó tó o. Ẹ fi omi gọ́ọ̀mù tó ṣàn lẹ ẹ́ mọ́ ẹnu àmì ìṣó kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀nba, kí ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì tútù fà á sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Eérú àti iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná ni ti eruku ọyẹ́, inú kòtò ni kó wà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ bó ẹyọ páànù kan kúrò, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Owó páànù kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ baálé ilé nígbà tí òjò dà á láàmú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá yìí fúnra mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀yìn lẹ́tà rẹ̀ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: ó ní òjò ti ba ìdì aṣọ méjì jẹ́ fún òun lọ́dún yìí, pé káfíńtà ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń fi ọ̀dà dúdú dí òrùlé gan-an ní òkèènkè ibi tí omi ń kán sí, omi kò sì yéé kán. Mo bi ọmọ náà pé kí ni ó rò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó, sà." A gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní òdìkejì, a sì wo òrùlé náà nísàlẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi nawọ́. Ojú ibi tí káfíńtà fi ọ̀dà sí kò ní àléébù kankan. Ṣùgbọ́n lókè sí i, nítòsí ṣóńṣó òrùlé, ìlà pupa kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ìṣó, ó sì já lójijì ní àárín páànù. "Omi náà kò dé ìsàlẹ̀, sà," bẹ́ẹ̀ ló wí. "Ó ti wọlé." Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Omi ń wọlé lókè, ó ń tọ ara igi lábẹ́ páànù lọ, ibi tí igi náà bá ti dẹ̀ sísàlẹ̀ ló ń kán sí, ibẹ̀ sì ni ìyá wa to aṣọ sí. A fi ibẹ̀ han káfíńtà. Iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àpótí ọmọ náà tó dẹ́rù bà mí, òun gan-an ló sì mú kí n kọ̀wé gùn tó báyìí. Àwókù òrùlé aláwọ̀ eérú kan ni, tó ṣà ní ààtàn, tó fẹ́ lọ̀ kúnná láti fi ṣe eruku orí ilé rẹ̀. Asbestos ni. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ mi o. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Festac fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé ní 1977, irú páànù oní-sìmẹ́ńtì yìí wọ́pọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, lórí ilé àti ní àjà. Bó bá wà ní ipò rẹ̀ láìfọ́, kì í sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan. Ìgbà tí a bá fọ́ ọ, tí a fi ayùn rẹ́ ẹ, tàbí tí a ha á, ni okùn wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí yóò fò sínú afẹ́fẹ́, tí yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, tí kì yóò sì jáde. Jẹjẹrẹ ló ń fà, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí ogójì ọdún kó tó fara hàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí irú rẹ̀ kan tí kò lè fa jẹjẹrẹ. Ọmọ tó lọ̀ ọ́ lónìí yóò ti di baba ọmọ kí ó tó mọ ohun tó fà símú.

Inú mi dùn pé kò tíì lọ̀ ọ́. A wọ́n omi sí i, a fi náílọ́ọ̀nù méjì wé e, a dì í pa, a sì gbé e lé onílé lọ́wọ́ pé kí ó wá àwọn tó mọ bí a ṣe ń kó irú rẹ̀. Bí àjà tàbí òrùlé yín bá jẹ́ irú èyí, tó sì ti ń ya, ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan fi ayùn kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi àfọ́kù rẹ̀ fa ìlà eré sílẹ̀.

Bí ọmọ bá sì fẹ́ ṣe àwòrán irú òrùlé yìí, páálí tí a kọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló wúlò fún un. Ìgbì ọ̀pọ̀ asbestos fẹ̀ tó ínṣì 6. Ní òṣùwọ̀n 1 sí 24, èyí yóò jẹ́ bíi mílímítà 6, ìgbì páálí gẹ́lẹ́. Kí ó bó ojú páálí náà kúrò pẹ̀lú omi, kí ó kùn ún ní eérú, kí ó sì fi dúdú àti àwọ̀ ewé díẹ̀ sí i, nítorí ewédò fẹ́ràn sìmẹ́ńtì. Kò fẹ́ràn sínkì. Ẹ má fi àwọ̀ ewé sórí páànù.

Ìyá wa, ọmọ yín sọ fún mi pé Ilé Jaekel ló kàn tí òun fẹ́ kọ́, ilé àwọn ọ̀gá rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1898, tó ṣì wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, tí wọ́n sì ti tún ṣe láti fi kó àwọn ohun àtijọ́ rélùwéè pamọ́ sí. Mo ti sọ fún un pé kí ó má gé fọ́ìlì kankan títí yóò fi lọ wò ó, kí ó ya òrùlé rẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì tẹ̀ ba wo abẹ́ etí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún un lówó ọkọ̀.